Ìfiwéra Àwọn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀: Èwo Ló Yẹ Ta Ni?

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ènìyàn pé kókó tí wọ́n rí nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ, ohun tí ẹbí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ìtọ́jú tó lágbára jù lọ. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn méjì lè ní kókó tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, kí wọ́n gé ti ẹnì kan kúrò kí ara rẹ̀ sì le, kí iṣẹ́ abẹ yẹn kan náà sì pa ẹnì kejì, nítorí pé ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ohun tó lè fara da ọ̀bẹ. Àìsàn méjì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń bá yí lẹ́ẹ̀kan náà: jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, àti àrùn ẹ̀dọ̀ tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí jẹjẹrẹ náà tó yọjú. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ipò ẹ̀dọ̀ síwájú gbogbo òṣùwọ̀n yòókù nínú ìfiwéra yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pààlà sí ọ̀rọ̀ náà. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìfun tàbí ọmú tó wá ràn dé ẹ̀dọ̀ kò sí nínú ohun tí a ń sọ, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ọ̀nà tí òróòro ń gbà ṣàn, tí wọ́n ń pè ní cholangiocarcinoma, náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Hepatocellular carcinoma, tí ìkékúrú rẹ̀ jẹ́ HCC, ni a dojú kọ. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ 100 tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀, nǹkan bí 75 sí 85 ló jẹ́ irú rẹ̀.

Ohun tó fà á, àti ìdí tó fi kan yíyan ìtọ́jú

Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis) B àti mẹ́dọ̀wú C ló wà nídìí HCC jù lọ lágbàáyé. Ọtí àmujù tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú ọ̀rá tó ń gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀ àwọn tó sanra jù tàbí tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, èyí tó túbọ̀ ń gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Aflatoxin náà wà níbẹ̀, ìyẹn májèlé tí àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bu máa ń ní nínú. Bí ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B bá tún ń jẹ májèlé yìí, ewu tó wà fún un ju àròpọ̀ ewu méjèèjì lọ fíìfíì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn okùnfà wọ̀nyí ni ó máa ń kọ́kọ́ fi àpá sí ẹ̀dọ̀ lára díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le gbagidi, ipò tí wọ́n ń pè ní cirrhosis, kí jẹjẹrẹ tó hù nínú rẹ̀.

Mẹ́dọ̀wú B yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ó lè fa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀ tí kò tíì ní cirrhosis rárá. Èyí ní oore àti ibi tirẹ̀. Oore rẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ tó ṣì lágbára lè fara da iṣẹ́ abẹ ńlá. Ibi rẹ̀ ni pé ẹni tí ara rẹ̀ le kì í rí ìdí tó fi yẹ kí òun máa lọ fún àyẹ̀wò, kókó náà á sì ti tóbi kí wọ́n tó rí i. Láti ìgbà tí Taiwan ti bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B fún àwọn ọmọ tuntun ní 1984 ni HCC ti dín kù gan-an láàárín àwọn ọmọdé ibẹ̀. Kò sí ìtọ́jú kankan nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ fi wéra tó mú irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde.

Ìtọ́jú yòówù tí ẹ bá sì yàn, okùnfà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B yóò máa lo tenofovir tàbí entecavir, tí wọ́n ń dín agbára kòkòrò náà kù tí wọ́n sì ń dín bí jẹjẹrẹ ṣe ń padà wá kù. Mẹ́dọ̀wú C ṣeé wò sàn báyìí pẹ̀lú oògùn oníhóró láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 95 nínú ènìyàn 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ náà ná. Ọtí ní láti dáwọ́ dúró pátápátá.

Ọ̀nà tí a fi ń rí i

Kókó kékeré nínú ẹ̀dọ̀ kì í dunni. Ìgbà tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, tí ara ń rù, tí ikùn ń wú, tí funfun ẹyinjú sì di àwọ̀ ìyeyè, ọ̀nà ìtọ́jú tó kù ti dín kù. Ẹni tó bá ní cirrhosis, àti púpọ̀ nínú àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú B, ní láti máa ṣe àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kí wọ́n tó rí àmì kankan.

Fún irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀, ultrasound ni a ń lò. Owó rẹ̀ kò wọ́n bíi ti àwọn yòókù, kò ní ìtànṣán tó léwu, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló ń pinnu ohun tí yóò rí, àti pé ọ̀rá inú ara lè bo kókó kékeré mọ́ ọn lójú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AFP, ìyẹn èròjà kan tí kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, máa ń ràn án lọ́wọ́. Bí AFP bá ju 20 lọ nínú ìwọ̀n ng/mL, ó tó ohun tí a ń tọpasẹ̀, ṣùgbọ́n AFP nìkan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé: kókó jẹjẹrẹ mìíràn kì í gbé e sókè rárá, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́dọ̀wú tó ń jà lọ́wọ́ lè gbé e sókè láìsí jẹjẹrẹ. Bí agbára bá ká a, ẹ lo méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni agbára ká, ultrasound ni kí ẹ mú.

Ìfìdímúlẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ CT tàbí MRI tí wọ́n fi oògùn tí ń mú àwòrán hàn ketekete sí i, tí wọ́n sì yà ní ìpele ìpele bí oògùn náà ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń bọ́ ẹ̀dọ̀: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba portal vein wá láti inú ìfun, ìyókù ń gba hepatic artery. Kókó HCC, ní tirẹ̀, hepatic artery ló ń mu ẹ̀jẹ̀ láti inú rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe máa ń tàn yòò ní ìpele àkọ́kọ́, tí ó sì máa ń ṣókùnkùn ju ẹ̀dọ̀ tó yí i ká lọ ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Bí kókó tó tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣe báyìí nínú ẹ̀dọ̀ tó ní cirrhosis, dókítà lè fìdí HCC múlẹ̀ láì fi abẹ́rẹ́ bu lára rẹ̀. Bí cirrhosis kò bá sí, tàbí tí àwòrán kò bá ṣe kedere, bíbù díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò di dandan.

Òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ìtọ́jú

Àkọ́kọ́ ni bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Òṣùwọ̀n Child-Pugh ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò: ó ń wo bilirubin, albumin àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, ó ń wo bóyá omi wà nínú ikùn, àti bóyá ọpọlọ ń dàrú nítorí májèlé tí ẹ̀dọ̀ kò lè sẹ́ kúrò mọ́. A ni ipò tó dára jù, B wà láàárín, C ni èyí tó burú jù. Ìkejì ni kókó fúnra rẹ̀: iye rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, bóyá ó ti wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, bóyá ó ti jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Ìkẹta ni agbára aláìsàn: ṣé ó ń rìn, ṣé ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àbí orí ibùsùn ló ń gbé lọ́pọ̀ ìgbà? Ètò Barcelona fún pípín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sí ìpele, tí wọ́n ń pè ní BCLC, tó jáde ní 1999, ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé sì ń tẹ̀ lé e títí di òní.

Mo fi ìkẹrin kún un, èyí tí ìwé àwọn dókítà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: ohun tí ìtọ́jú náà yóò gbà lọ́wọ́ ẹbí lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìtọ́jú kan wà tó jẹ́ pé owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ni, òmíràn sì jẹ́ owó díẹ̀ tí kò ní tán.

Iṣẹ́ abẹ ìgékúrò

Oníṣẹ́ abẹ yóò gé kókó náà pẹ̀lú apá ẹ̀dọ̀ tó yí i ká. Ẹ̀dọ̀ ní agbára láti tún dàgbà, ṣùgbọ́n ohun tó bá kù ló ní láti gbé ara ró ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀dọ̀ tó le lè ṣe é pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 25 nínú 100; ẹ̀dọ̀ tó ní cirrhosis nílò tó 40. Ẹni tó bá ipò Child-Pugh A mu, tí kókó rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú portal vein rẹ̀ kò sì ga, ni iṣẹ́ abẹ yìí bá mu jù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí pé à ń dúró de olùfúnni ní ẹ̀dọ̀, àti pé wọ́n lè yẹ gbogbo kókó náà wò lábẹ́ maikirosíkóòpù.

Àbùkù rẹ̀ wúwo. Láàárín ọdún márùn-ún, jẹjẹrẹ lè padà lára nǹkan bí 70 nínú ènìyàn 100 tí wọ́n ṣe é fún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fara pamọ́ ló ń fa apá kan. Apá kejì jẹ́ jẹjẹrẹ tuntun pátápátá, nítorí ẹ̀dọ̀ tó kù ṣì jẹ́ ilẹ̀ tí àkọ́kọ́ ti hù. Ìwádìí lórí fífi immunotherapy, ìyẹn oògùn tí ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde sí jẹjẹrẹ, kún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ mú ìrètí wá ní 2023, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kò dúró nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn aláìsàn náà pẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá yan ìgékúrò yan àyẹ̀wò CT tàbí MRI léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú rẹ̀.

Ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀

Nínú gbogbo ìtọ́jú, òun nìkan ló ń mú àìsàn méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan: jẹjẹrẹ àti ẹ̀dọ̀ tó bí i. Thomas Starzl ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lára ènìyàn, ní Amẹ́ríkà ní 1963. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, èsì rẹ̀ fún àwọn oníjẹjẹrẹ kò dára, nítorí pé àwọn tí àrùn wọn ti lọ jìnnà ni wọ́n ń ṣe é fún. Ohun tó yí i padà ni ìwádìí Vincenzo Mazzaferro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milan, tó jáde ní 1996. Wọ́n yan ẹni tó ní kókó ẹyọ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí kókó tí kò ju mẹ́ta lọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, tí kò sì tíì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, 75 nínú 100 wọn ṣì wà láàyè. Òfin Milan ni wọ́n ń pe ààlà yìí, òun ló sì ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ibi ṣe ń yan ẹni tí wọn yóò ṣe é fún.

Láàárín àwọn tó bá wà nínú ààlà náà, nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 ni jẹjẹrẹ ń padà bá. Ẹ fi ìyẹn wé ti ìgékúrò, ẹ ó rí i pé kò sí ìdíje nípa ti agbára ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kò pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń dúró lè rí i kí kókó rẹ̀ tóbi kọjá ààlà kí ó tó kàn án, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sun kókó náà tàbí dí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àsìkò ìdúró. Ẹbí lè fi apá kan ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò gba ọ̀bẹ yẹn, ewu ikú sì wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ kéré. Lẹ́yìn rẹ̀, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ tuntun sílẹ̀ di ohun à-ń-lò títí ayé, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìṣọ́ra fún àkóràn. Ẹbí tí kò bá lè rí oògùn yẹn rà láìdáwọ́dúró kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Sísun kókó náà nínú ẹ̀dọ̀

Dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ gígùn gba àwọ̀ ara wọlé, yóò máa fi ultrasound tàbí CT tọ́ ọ títí dé inú kókó, yóò sì fi ooru iná radiofrequency tàbí microwave sun ún. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í pẹ́ nílé ìwòsàn lẹ́yìn rẹ̀. Fún kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, èsì rẹ̀ lè bá ti iṣẹ́ abẹ dọ́gba; ó ṣì dára títí dé sẹ̀ǹtímítà 3. Bó bá kọjá ìyẹn, eteetí kókó ń ṣẹ́kù láìjóná. Bí kókó bá fara ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn yóò máa gbé ooru lọ, nínú èyí tí microwave ń ṣe dáadáa díẹ̀ ju radiofrequency lọ. Bó bá fara ti ìfun tàbí àpò òróòro, ewu jíjó ohun tí kò yẹ wà.

Mo gbà pé òun ni ìtọ́jú tí àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré jù nínú àkójọ yìí. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí ultrasound oṣù mẹ́fà sì bá a rí kókó sẹ̀ǹtímítà 2, lè gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ abẹ láìsí pé wọ́n la ikùn rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ wọ̀nyí kò bá sí, fífi ọtí líle ethanol gún kókó náà wà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó ń gba ìgbà púpọ̀, kò sì tó ooru fún kókó tó ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ.

Dídí iṣan tó ń bọ́ kókó, àti ìtànṣán

TACE lo ohun tí a sọ nípa hepatic artery lẹ́ẹ̀kan. Dókítà yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí kókó ti ń mu ẹ̀jẹ̀, yóò da oògùn kẹ́mò síbẹ̀, yóò sì dí ẹnu ọ̀nà náà. Ìwádìí méjì tó jáde ní 2002, ọ̀kan láti Barcelona àti ọ̀kan láti Hong Kong, fi hàn pé ó ń fi kún ẹ̀mí. Àwọn tí kókó wọn ti pọ̀ ju ohun tí a lè gé tàbí sun, tí portal vein wọn ṣì là, tí ẹ̀dọ̀ wọn sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ni ó wà fún. Ibà, ìrora àti èébì fún ọjọ́ díẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń tún un ṣe, àmọ́ bí ìgbà méjì bá kọjá tí kókó kò sì fèsì, ìtẹ̀síwájú rẹ̀ kàn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè ìgbà tí wọn yóò dáwọ́ dúró.

TARE ń gba ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ní yttrium-90, tí ń tú ìtànṣán jáde, ni ó ń gbé wọlé. Ara kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ṣeé lò nígbà mìíràn tí portal vein ti dí. Owó rẹ̀ wọ́n, àwọn ibi tó ní in kò sì pọ̀. Ìtànṣán láti ìta tí a dojú rẹ̀ kọ kókó gan-an, SBRT, náà wà fún kókó kékeré tí abẹ́rẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oògùn tí ń gba gbogbo ara kọjá

Nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tàbí tó ti jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀, oògùn ló kù. Sorafenib ni àkọ́kọ́ tó yege: nínú ìwádìí tó gbé e jáde, ìdajì àwọn tó lò ó kọjá oṣù 10.7, nígbà tí ti àwọn tí kò lò ó jẹ́ oṣù 7.9. Oògùn oníhóró ni, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti kí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ máa bó. Lenvatinib dé ní 2018, agbára rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀ sí ti sorafenib.

Ìyípadà ńlá dé ní 2020 pẹ̀lú àdàpọ̀ atezolizumab àti bevacizumab. Àkọ́kọ́ ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde sí jẹjẹrẹ, èkejì ń dí ọ̀nà iṣan tuntun tí kókó ń là. Ìdajì àwọn tó gbà á kọjá oṣù 19.2, ti sorafenib sì jẹ́ 13.4. Ewu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídà: ẹni tó ní cirrhosis lè ní iṣan tó wú nínú ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ wo ibẹ̀ pẹ̀lú endoscopy, ìyẹn rọ́bà oníkámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ẹnu wọlé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ewu yìí ga lára rẹ̀, durvalumab pẹ̀lú tremelimumab, tó dé ní 2022, ni mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu jù. Ẹni tó ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ní láti sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó dárúkọ immunotherapy rárá, torí ó lè mú kí ara kọ ẹ̀dọ̀ tuntun náà. Inú iṣan ni wọ́n ń fa oògùn wọ̀nyí sí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, owó wọn sì ń tún ara rẹ̀ san nígbà gbogbo. Sorafenib àti lenvatinib ṣeé lò nílé.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Bí ẹ̀dọ̀ bá le tàbí tó wà ní Child-Pugh A, tí kókó sì jẹ́ ẹyọ kan, ìgékúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ jíròrò, àfi bí kókó náà kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, nígbà tí sísun lè ṣáájú. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ sí B tàbí C, tí kókó sì wà nínú òfin Milan, ìpààrọ̀ ni ìtọ́jú gidi; ẹni tó wà ní ipò yìí tí wọ́n bá sọ pé kí wọ́n gé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wá èrò dókítà kejì. Kókó púpọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ nìkan, pẹ̀lú portal vein tó là, jẹ́ ti TACE tàbí TARE. Èyí tó ti tàn kálẹ̀, bí agbára aláìsàn bá ṣì wà, jẹ́ ti oògùn.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà ní C, tí ìpààrọ̀ kò sì ṣeé ṣe fún, kò ní jèrè nínú èyíkéyìí nínú ìtọ́jú tó ń bá kókó jà. Wọn yóò kàn gé àkókò tó kù kúrú. Ìtọ́jú ìtura ló yẹ ẹ: oògùn ìrora tí ẹ̀dọ̀ lè gbà, fífa omi inú ikùn, oògùn tí ń mú ọpọlọ padà sípò. Ìtọ́jú gidi ni èyí, ó sì yẹ kó tètè bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó wà ní ìpele yòókù náà, pẹ̀lú ohun yòówù tí wọ́n bá yàn. Egbòogi tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ fún ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wọn, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà tó ń ṣàìsàn ni yóò sẹ́ ẹ.

Yíyàn náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. TACE lè mú kókó tó kọjá ààlà súnkì wọ inú òfin Milan, oògùn lè sọ ohun tí kò ṣeé gé di èyí tó ṣeé gé, ẹ̀dọ̀ sì lè ti A bọ́ sí B láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn CT tàbí MRI kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, dókítà ẹ̀dọ̀, dókítà àwòrán àti dókítà jẹjẹrẹ, lórí tábìlì kan náà bó bá ṣeé ṣe, bóyá ìpele aláìsàn ti yí padà, àti ìtọ́jú wo ni ìpele tuntun náà ṣí sílẹ̀ fún un.